Ọpẹ́ Tí Kò Gbọdọ̀ Ní Ṣùgbọ́n

Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé Àbújá ló fi nǹkan kan sínú fóònù mi nígbà tó wá kí mi lọ́dún Àjíǹde. Láàárọ̀ kùtùkùtù, kí n tó lajú tán, nǹkan náà á ké bí ẹyẹ, á sì bi mí pé àwọn ohun mẹ́ta wo ni mo fẹ́ dúpẹ́ fún lónìí. Mo gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, á fi òdòdó pupa kan hàn mí. Ọmọ mi ní àwọn tó mọ̀ nípa ìlera ló ní kí ènìyàn máa ṣe bẹ́ẹ̀, pé ọpẹ́ ojoojúmọ́ ń mú kí ènìyàn rí oorun sùn, ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ríru rọlẹ̀, ó sì ń lé ìrònú lọ. "Màámi, ẹ ṣáà gbìyànjú ẹ̀ wò," ló wí, bíi pé ohun tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já láti inú ọkọ̀ òkun ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kò mọ̀ pé ilé tí wọ́n ti ń fi ọpẹ́ ṣe oògùn ni wọ́n ti tọ́ mi, pé mo ti lo oògùn náà yó kí n tó pààrọ̀ eyín, àti pé mo mọ ohun tó ń ṣe fún ara, mo sì mọ ohun tí kò lè ṣe.

Ọdún tí mò ń rántí yìí, ìyá mi wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìlọrin, iṣẹ́ ìjọba sì ti gbé bàbá mi lọ sọ́nà jíjìn, ni wọ́n bá kó aṣọ mi sínú àpò kan, wọ́n ní kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ Bàbá Àgbà ní Osi. Bàbá Àgbà ló bí bàbá mi. Àgbẹ̀ oníṣu ni, ó ga, ó taagun, ó sì jẹ́ alàgbà nínú ìjọ. Màmá ni ìyàwó rẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ tí o kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ àfi bí o bá sún mọ́ ọn. Bàbá Bọ́lá, àbúrò bàbá mi, ń gbé apá kejì àgbàlá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Ìyá Bọ́lá, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bó o sún mọ́ ọn bí o kò sún mọ́ ọn. Bọ́lá, ọmọ wọn obìnrin, ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń sùn lórí ẹní kan náà. Lọ́jọ́ tí mo dé, mo ní "ilé", Bọ́lá ní "ulé" ni wọ́n ń pè é; mo ní "iṣu", ó ní "uṣu" ni; ó sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí oúnjẹ alẹ́ fi jinná. Ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu jù, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo tó rí i.

Kí àkùkọ tó kọ tán ni agogo ti ń dún. Agogo ilé ìwé àtijọ́ kan ni, ẹnu rẹ̀ ti sán, Bàbá a sì máa lù ú bí ẹni tó ń bá a jà. Gbogbo wa á wọ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀fun á ṣì wúwo fún oorun, ewúrẹ́ á máa ké nínú ọgbà, èéfín iná tí Màmá ti dá á sì máa wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Orin kan, ẹsẹ Bíbélì kan, àdúrà kúkúrú, ó parí. Ọpẹ́ ló máa ń pẹ́. Láti orí ọmọ tó kéré jù dé orí Bàbá fúnra rẹ̀, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ dárúkọ ohun kan tó ń dúpẹ́ fún, gbogbo ilé á sì dáhùn pé, "Ọpẹ́ ni fún Olúwa." O kò gbọdọ̀ mú ohun tí ẹlòmíràn ti mú láàárọ̀ ọjọ́ náà. O kò gbọdọ̀ mú ohun tí ìwọ fúnra rẹ mú lánàá. Èyí tó wá le jù ni pé o kò gbọdọ̀ fi "ṣùgbọ́n" sí i. "Ọpẹ́ tó bá ti ní ṣùgbọ́n nínú," Bàbá á ní, "ẹjọ́ ni, kì í ṣọpẹ́. Ẹ gbé e lọ sí kóòtù." Ẹni tí kò bá sì rí ọpẹ́ dá, kò ní fẹnu kan ẹ̀kọ gbígbóná títí yóò fi rí i.

Àwọn àgbà ilé ní ohun tó fa òfin yìí. Wọ́n ní nígbà tí Bàbá wà lọ́dọ̀ọ́, àìsàn kan dá a wó débi pé àwọn ará ilé ti ń wo ibi tí wọn yóò gbẹ́lẹ̀ sí. Lórí ẹní ìdùbúlẹ̀ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ fún ohun tó ṣẹ́ kù fún un, ojú tó ṣì ń ríran, etí tó ṣì ń gbọ́, títí ó fi dìde tó gbé ọkọ́ rẹ̀ padà sí oko. Láti ìgbà náà ló ti gbà pé ìkùnsínú ni baba àìsàn, pé ilé tí ọpẹ́ bá ti kún, àrùn kò ní rí ibi jókòó sí. "Ìlera l'oògùn ọrọ̀," á wí, á gbé ìka sókè, "ọpẹ́ sì l'oògùn ìlera." Ohun kan ṣoṣo tí kò sọ fún wa ni pé nínú àìsàn ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ ń fún un ní àgbo láàárọ̀ lálẹ́. Màmá ló sọ ìyẹn fún mi níbi tí a ti ń bó ẹ̀gẹ́, ó sì ní kí n má sọ pé òun ló sọ ọ́.

Lójú ọmọdé, èyí tó dùn ún dá jù nínú ọpẹ́ ni "mo dúpẹ́ pé mo jí." Kò gba ìrònú, kò sì sẹ́ni tó lè já a ní koro. Nítorí pé ọmọ tó kéré jù ló ń ṣáájú, èmi àti Bọ́lá, tí a jẹ́ ẹgbẹ́, a máa ń du ipò àbúrò. Bọ́lá tó ń pàṣẹ lé mi lórí ní ọ̀sán bí ìyálé, tó bá ti di òwúrọ̀, á ní òun ni wọ́n bí kẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n bá já "mo jí" gbà mọ́ lọ́wọ́ á wá máa wo àjà kiri. Mo ti dúpẹ́ rí pé ewúrẹ́ tó jẹ aṣọ ilé ìwé mi, apá kan ṣoṣo ló jẹ. Mo ti dúpẹ́ fún ata. Lọ́jọ́ kan tí gbogbo ọgbọ́n tán, tí òórùn àkàrà ń ti ẹ̀yìnkùlé wá bá mi, mo ní mo dúpẹ́ pé mo máa tó rí ohun tí mo máa dúpẹ́ fún. Bàbá wò mí títí, ó ní ọmọ Ìlọrin ti ń gbọ́n, ó sì jẹ́ kí n lọ jẹun.

Àmọ́ Ìyá Bọ́lá ni ọ̀gá wa. Ọlọ́run fún obìnrin náà lẹ́nu, òfin Bàbá sì dí ẹnu náà, ló bá wá ọ̀nà gba inú ọpẹ́ kọjá. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa," á wí, á pa ojú dé bí ẹni mímọ́, "pé ọmọ tó fọ́ ìkòkò omi mi lánàá kò fọ́ orí ara rẹ̀ mọ́ ọn." Gbogbo ilé: ọpẹ́ ni fún Olúwa. Èmi àti Bọ́lá á tẹ orí mọ́lẹ̀. Lásìkò òjò, ó ní, "Mo dúpẹ́ fún òrùlé wa. Òjò tó rọ̀ mọ́jú, kò síbi tó gbà wọlé, àfi ọ̀gangan orí ibùsùn." Lọ́jọ́ mìíràn, ó ní, "Mo dúpẹ́ fún Bàbá Bọ́lá. Bí emu bá ti tán lọ́hùn-ún, ó mọ ọ̀nà ulé." Bàbá Àgbà á fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n, á máa wá ṣùgbọ́n kiri nínú ọ̀rọ̀ náà, kò ní rí i. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó dúpẹ́ fún òrùlé, Bàbá Bọ́lá ti wà lórí pánù tòun ti ìṣó àti òòlù. Bí mo bá ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ lónìí pé ọpẹ́ ń tún ayé ẹni ṣe, òrùlé yẹn ni mo máa ń rántí.

Òkìkí wa kàn. Pásítọ̀ fi wá wàásù lọ́jọ́ ìkórè, ó ní kí ìjọ lọ kọ́gbọ́n nílé alàgbà, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í ráhùn. Àwọn kan ń pè wá ní Ulé Ọlọ́pẹ́, Bàbá sì ń rìn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ó tọ́ kí n sọ òtítọ́: ìlera wà nílé náà. A ń sùn, a ń jẹ, ìjà kì í pẹ́ kó tó tán, nítorí ẹni tó bá bínú sùn mọ̀ pé òun máa dúpẹ́ fún nǹkan kan níwájú ẹni tó bí òun nínú kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. N kò tíì rí ilé tó dùn ún gbé tó o láti ìgbà náà. Ibi tí wàhálà wà ni pé ara, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń gbọ́ ìwàásù. Ní òwúrọ̀ kan, Bọ́lá jókòó tó ń gbọ̀n, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, ó ní, "Mo dúpẹ́ fún òtútù, torí ooru mú jù lánàá." Gbogbo wa ti ń dáhùn lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Bọ́lá na ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ rẹ̀, tó gbé e pọ̀n, tó sì jáde láì dúró de oore-ọ̀fẹ́. Ibà ni. Bàbá kò bá a wí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò dùn sí i pé ẹnìkan dìde kí ọpẹ́ tó yípo.

Mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yí Màmá po láti àárọ̀, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń dùn mí. Òun àti Ìyá Bọ́lá ló jọ máa ń gún iyán àṣálẹ́. Bí mo bá wà lẹ́yìn ilé, etí mi máa ń mọ ọmọ odó tí í ṣe ti ẹnìkọ̀ọ̀kan: ti Ìyá Bọ́lá wúwo, ti Màmá fúyẹ́, èkíní ń dún, èkejì ń gbè é. Lásìkò tí òjò wá dá gbogbo ọ̀nà Odo-Owa rú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ti Ìyá Bọ́lá nìkan. Ti Màmá á bá a díẹ̀, á dúró, á tún bá a díẹ̀. Mo rò pé iṣu tuntun ló rọ̀ tí kò fẹ́ agbára púpọ̀.

Ọpẹ́ Màmá kì í tóbi. Iyọ̀, ẹyin adìyẹ, àlàáfíà àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn odi. Àfi òwúrọ̀ ọjọ́ kan tó ní, "Mo dúpẹ́ fún ògiri." Ẹ̀rín sọ. "Ògiri kẹ̀?" Bàbá wí. "Ẹ̀n-ẹ́n," Màmá dáhùn, "ó dúró dáadáa." Inú Bàbá dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ bí ẹni tó mọ inú rò ti ń mọ ọpẹ́ dá! Ẹ̀yin ọmọ, ta ni nínú yín tó dúpẹ́ fún ògiri rí?" Láti ọjọ́ náà, ọpẹ́ Màmá di ohun tí a ń retí. Ó dúpẹ́ fún ugi ọsàn tó wà lójú ọ̀nà odò, ó ní ibòji rẹ̀ dára. Ó dúpẹ́ fún èmi àti Bọ́lá, pé a ti mọ omi pọn débi pé kò sídìí fún òun láti dé odò mọ́, àwa méjèèjì sì gbéra ga títí di ọ̀sán. Ó dúpẹ́ fún ìró rẹ̀, pé ó gùn, ó bo ulẹ̀. A ń rẹ́rìn-ín, a ń dáhùn, a ń lọ mu ẹ̀kọ. Bí mo ti ń kọ ọ́ yìí, ojú ń tì mí fún gbogbo wa. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Màmá ń sọ àbọ̀ lójoojúmọ́, àwa ń fi pàtẹ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo dán ohun tí ọmọ mi fi sínú fóònù mi wò. Ó bi mí ohun tí mo ń dúpẹ́ fún, mo tẹ̀ ẹ́ pé orókún mi ọ̀tún kò jẹ́ kí n sùn. Ó fún mi ní òdòdó.

Ìyá Bọ́lá ló ní kí Bàbá mú Màmá lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní ìlú, torí ikọ́ tó ń wú wúyẹ́wúyẹ́ nígbà tó bá dùbúlẹ̀. Èmi ni mo mú agboòrùn dání tẹ̀ lé wọn. Nọ́ọ̀sì náà, ọmọbìnrin tó ní ọ̀yàyà, bi í pé, "Màmá, báwo lara?" Màmá ní, "A dúpẹ́." Ó ní ṣé wọ́n ń sùn dáadáa. Màmá ní Ọlọ́run ń ṣe é. Ó ní ṣé kò sí ibi tó ń dùn wọ́n. Màmá kọ́kọ́ wo ojú Bàbá, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tòun ti fìlà ṣọ́ọ̀ṣì lórí, ó wá ní, "Ìn-ín, a kì í ráhùn. A dúpẹ́." Bàbá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé agbára ọpẹ́ fún nọ́ọ̀sì, títí àwọn aláìsàn tó wà ní ìta fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ láti fi hàn pé àwọn ṣì wà níbẹ̀. Oògùn tó ń fúnni lẹ́jẹ̀ ni wọ́n fún Màmá, a sì padà sílé. N kò bá nọ́ọ̀sì náà wí. Nílẹ̀ wa, bí o bá bi arúgbó pé ṣé ara le, tó sì sọ fún ọ pé kò le, ìwọ gan-an lo máa rò pé kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá dúpẹ́ pé àwọn oníṣègùn wo ìyàwó òun, wọn kò rí nǹkan kan.

Òwúrọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́, òjò ń rọ̀ wẹliwẹli. Èmi ni mo gba "mo jí" lọ́jọ́ náà. Bọ́lá dúpẹ́ fún àgbàdo sísè. Àwọn àgbà dá tiwọn, ó wá kan Màmá, tó jókòó sórí àga onígi tí Bàbá Bọ́lá kàn fún un, tó gbé ẹ̀yìn ti ògiri. Ó mí, ó tún mí, ó ní, "Mo dúpẹ́ fún àga yìí. Ó ṣeé sùn lé." Bàbá ti rẹ́rìn-ín, ẹnu wa ti ń ṣí láti dáhùn. "Ẹ dákẹ́ ná," ni Ìyá Bọ́lá wí. Kì í ṣe ohùn tó fi ń dúpẹ́ ló fi sọ ọ́. Ó kọjú sí Màmá. "Ìyé mi, ta ló ń sùn lórí àga nínú ulé tí ibùsùn wà?" "Ẹ ò lè dùbúlẹ̀ mọ́, àbí? Ògiri tẹ́ ẹ ń dúpẹ́ fún, òun lẹ̀ ń dì mú rìn. Ìdí ugi ọsàn lẹ ti ń simi tẹ́ ẹ bá ń lọ sódò." Bàbá gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ìyàwó, ọpẹ́ là ń dá lọ́wọ́." Ìyá Bọ́lá sì dìde dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kígbe ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í sọ níbẹ̀: "Ṣùgbọ́n! Ṣùgbọ́n, Bàbá! Ṣùgbọ́n, ṣùgbọ́n, ṣùgbọ́n!" Ó kúnlẹ̀, ó sì ká ìró Màmá sókè. Ẹsẹ̀ tí mo rí níbẹ̀ kì í ṣe ẹsẹ̀ Màmá tí mo mọ̀. Ó wú, ó ń dán, ọrùn ẹsẹ̀ kò sí mọ́. Ẹ̀rù bà mí púpọ̀. Màmá ń gbìyànjú láti fa ìró rẹ̀ bò ó padà, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jalè, ó ń sọ pé, "Kò tó bẹ́ẹ̀ yẹn, kò tó bẹ́ẹ̀ yẹn."

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá láàárọ̀ ọjọ́ náà, Bàbá níwájú ọkọ̀, Màmá àti Ìyá Bọ́lá lẹ́yìn, Bàbá Bọ́lá àti àwọn ọkùnrin mélòó kan sì ń ti ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀ títí wọ́n fi bọ́ sí ọ̀nà ọ̀dà. N kò sí níbẹ̀. Ìyá Bọ́lá ló máa ń sọ ìyókù, kò sì sí ìgbà kan tó sọ ọ́ tí kò fi iyọ̀ sí i. Ó ní dókítà dé, ó bi Màmá pé kí ló ń ṣe wọ́n, Màmá, tí èémí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀, sì dáhùn pé, "A dúpẹ́, dókítà." Ó ní dókítà kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní òun di ọwọ́ dókítà mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ìyẹn rẹ́! Ẹ má gbọ́ ọpẹ́ un! Ulé wa kì í ráhùn, èmi ni kẹ́ ẹ bi!" Òun ló ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ògiri, igi ọsàn, odó, àga, ìró, dókítà sì ń mi orí. Ọkàn Màmá ló ti rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń dà á láàmú láti ìgbà pípẹ́, omi sì ti ń gbá jọ sí i lára. Dókítà ní bí wọ́n bá fi lè pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ. Bàbá, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Bọ́lá ṣe sọ, bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn.

Bàbá nìkan ló padà wá bá wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ìyá Bọ́lá dúró ti Màmá. Òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé e, agogo dún, kò le tó bó ti máa ń le. A kọrin. Bọ́lá, èmi, Bàbá Bọ́lá, gbogbo wa wí tiwa wéréwéré, ó ku Bàbá. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó wo àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọkùnrin tó ń dúpẹ́ fún kòkòrò tó jẹ iṣu rẹ̀ pé ó ṣẹ́ díẹ̀ kù, kò rí nǹkan kan sọ. Ẹ̀kọ ń tutù, òfin sì ni òfin, kò sẹ́ni tó dìde. Nígbà tó pẹ́, Bọ́lá, tó gba "mo jí" lọ́jọ́ náà, rìn lọ bá a, ó fọwọ́ kàn án lórúnkún, ó ní, "Bàbá, ẹ mú tèmi. Màá wá òmíràn." Bàbá wo ọmọ náà. "Mo dúpẹ́ pé mo jí," ó wí, ohùn rẹ̀ sì já lójú ibẹ̀. Kò sí ẹni tó rántí dáhùn.

Màmá padà sílé nígbà tí àgbàdo ti gbẹ lórí ìdúró. Ó ti rù, ìró rẹ̀ ti tóbi jù fún un, ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti padà. Wọ́n kó oògùn lé e lọ́wọ́, wọ́n ní iyọ̀ di èèwọ̀. Àwọn ará ìjọ ń rọ́ wá kí i, wọ́n ní ṣé ara ti le, ó sì ń dá wọn lóhùn pé a dúpẹ́, mo rí bí Bàbá ṣe ń yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbàkígbà tó bá ti gbọ́ ọ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo wa pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá jókòó sórí àga rẹ̀, Ìyá Bọ́lá jókòó tì í pẹ́kípẹ́kí bí ọlọ́pàá. Ọpẹ́ yí ká, ó dé ọ̀dọ̀ Màmá. Mo rí i tó ń wo Bàbá, Bàbá náà ń wò ó.

"Màmá Àgbà," Bàbá wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé a ní láti na ọrùn gbọ́ ọ, "báwo lara?"

Màmá fọwọ́ tún ìró rẹ̀ ṣe. "Ẹsẹ̀ ń ro mí," ó wí. Bọ́lá dì mí lápá mú. "Mi ò rí oorun sùn tán. Oògùn dókítà un korò burúkú. Àti pé," ó gbé ojú sókè díẹ̀, "ọbẹ̀ aláìníyọ̀ tí ìyàwó yìí ń sè fún mi, ajá gan-an ò lè jẹ ẹ́."

Gbogbo wa yíjú sí Bàbá. Agogo wà níwájú rẹ̀, Bíbélì wà lórí itan rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀ kan, ó tún nu èkejì, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

"Ọpẹ́ ni fún Olúwa," ni ó wí.